Ojú Tó Bá Fáìlì Mu

Apá òsì ojú Moríyọ̀ ni ó wú. Ó rí i nínú dígí ilé ìwẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí ó ti ń fi ìka nu èéfín dúdú tí kì í jẹ́ kí nǹkan kan mọ́ ní Port Harcourt kúrò lójú dígí náà. Ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò. Kò dùn ún. Kò tilẹ̀ ṣe é bí ẹni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ni. Ó fi omi tútù bọ́jú, ó wọ aṣọ, ó sì lọ sí ilé ìdáná lọ gbé iṣu kaná, nítorí ọkọ rẹ̀ kì í jẹ búrẹ́dì láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́, kí ó má di àṣírí láàárín wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni obìnrin yìí. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Nígbà tí ó ń wá iṣẹ́ yẹn, wọ́n ní àwọn kò gba ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún. Òun ti pé ọgbọ̀n ó sì ti kọjá rẹ̀. Ó lọ búra ní kóòtù, ó gé ọdún mẹ́jọ dànù, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ìjọba tí ó gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún ọmọ tálákà, ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́fà pọn àbúrò kí ó tó rí ẹni dá a padà sí ilé ìwé, kí ni ìjọba ọ̀hún rò pé yóò ṣe? Kí ó jókòó sílé kí ó máa sunkún? Inú ń bí mi, ẹ má dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí a máa lọ.

Àwọn ará Àbújá ń bọ̀ wá ṣe sìkíríìnì ní ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní í wo ìwé nìkan mọ́. Olúkúlùkù òṣìṣẹ́ yóò jókòó síwájú ìgbìmọ̀, wọn yóò ṣí fáìlì, wọn yóò wo ojú. Wọ́n ti ṣe é ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ìròyìn rẹ̀ sì ti dé: wọ́n ní ọ̀gá kan nínú ìgbìmọ̀ náà wo obìnrin kan títí, ó ní, “Ìyá, ẹ lọ pe ọmọ yín tó ni fáìlì yìí wá.” Gbogbo ọ́fíìsì ló rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Moríyọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú, lílé ni. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wọgbó nìyẹn, wọ́n sì lè ní kí ó wá dá owó oṣù tó gbà lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, tí òfin ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì, padà.

Oṣù yẹn náà ni Ibinabo, tí tábìlì òun àti tirẹ̀ kọjú síra wọn ní ọ́fíìsì, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sítẹ́ẹ̀mù sẹ́ẹ̀lì. Ó ní sẹ́ẹ̀lì tuntun ni, láti ara ọmọ àgùntàn tí wọn kò tíì bí. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fún ènìyàn, yóò wọ inú ara lọ, yóò máa tún gbogbo ohun tó ti gbó ṣe, awọ ojú á padà sí ti ọmọge. Ìgbà méjì ni wọ́n ń gún un. Moríyọ̀ ti gba ti àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Òní ni ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, òun àti Ibinabo sì ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́.

Títílayọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni ó kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná bá a. Ilé oògùn kan ní Elelenwo ni Títílayọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń tètè jáde nítorí ọ̀nà. Ó ṣí fíríìjì kí ó mú omi. Òórùn ẹja lù ú lójú. Láti ọjọ́ Àìkú ni wọn kò ti mú iná wá sí Rumuigbo, ẹja tó yẹ kó dì bí òkúta ti ń ṣomi sórí ata. Ìgò kékeré kan, tí kò ju ìka lọ, wà láàárín ẹja àti ata náà, nínú ọ̀rá.

“Mọ́mì, kí ni èyí?”

“Gbé e sílẹ̀.”

“Mo ní kí ni?”

“Oògùn mi ni. Rọra, má fọ́ ọ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Títílayọ̀ gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, kí ó máa yí ìgò oògùn wò.

“Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é,” ni ó wí. “Kò sí nọ́ńbà NAFDAC. Kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Àwòrán àgùntàn ni wọ́n yà sí i, pẹ̀lú ìwé tí mi ò mọ èdè tó jẹ́. Níbo ló ti wá?”

“Òkè òkun.”

“Òkè òkun tóbi, Mọ́mì. Ibo ní òkè òkun?”

“Ibinabo ló mọ̀.”

“Kí ló wá gbé e dé inú fíríìjì wa?”

“Olúkúlùkù ló ń tọ́jú tirẹ̀. Èkó ni dókítà ti ń wá, ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Kò ní fíríìjì níbi tó ń lò ní Rumuola. Ẹni tó bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́ á gbé ìgò tirẹ̀ lọ́wọ́.”

Títílayọ̀ wo ẹja, ó wo ìgò. Ó ní, “Ẹ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé wọ́n ní nǹkan alààyè ló wà nínú èyí? Tó bá jẹ́ alààyè lóòótọ́, ó ti kú láti ọjọ́ Àìkú tí iná ti lọ. Tí kò bá sì fìgbà kan wà láàyè, kí ni wọ́n ń gún yín?”

Moríyọ̀ kọjú sí orí iná. Ó ń fi ọ̀bẹ gún iṣu wò bóyá ó ti rọ̀.

“Ẹ yíjú sí mi ná. Yéè! Mọ́mì, kí ló ṣe yín lójú?”

“Ẹ̀fọn ni.”

“Ẹ̀fọn wo? Ẹ jẹ́ kí n rí apá yín.” Kò dúró kí wọ́n gbà fún un, ó ti ká ọwọ́ aṣọ ìyá rẹ̀ sókè. Ibi tí wọ́n gún lápá òkè le gbandi, ó gbóná, ó pọ́n. Títílayọ̀ yọ ọwọ́ kúrò, ó sì lọ tààrà sí yàrá ìyá rẹ̀. Ó padà wá pẹ̀lú páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́. Wọn kò fọwọ́ kan oògùn inú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

“Ta ló ní kí ẹ dáwọ́ èyí dúró?”

“Wọ́n sọ fún gbogbo wa pé oògùn mìíràn kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ríṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì náà á wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn.”

“Á tún wo kí ni?”

“Ṣúgà. Oríkèé. Ojú.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ohun tí ó fẹ́ rà lọ́jà.

“Dádì!” Títílayọ̀ ké sí pálọ̀. “Dádì, ẹ bá wa dá sí i.”

Adétúnjí wà lórí àga ní pálọ̀. Ọlọ́pàá ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ló ń dé etí rẹ̀. Ó fa ohùn rédíò wálẹ̀ díẹ̀. Ó ní, “Iṣu yẹn ti fẹ́ jóná.” Ó sì gbé ohùn rédíò sókè padà.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó ti fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì ń wá nígbà tó bá wù ú. Iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo ilé fi ń mí. Ó mọ ọdún ìyàwó rẹ̀ bí ó ti mọ nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń bá a gbé irọ́ náà. Ẹnu rẹ̀ ti dì pa mọ́ ọn. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń bí mi nínú jù.

Moríyọ̀ bu iṣu sínú abọ́, ó da ata díndín lé e lórí, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀, ó padà wá. Ìgbà náà ni ó tó dáhùn, kò sì pariwo.

“Títí, ṣé ìwọ lo máa jókòó síwájú àwọn ará Àbújá? Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tí ojú mi rí báyìí, kí n sọ pé kí ni? Kí n ní ọyẹ́ ló hun mí lójú? Wo ọrùn mi. Wo ọwọ́ mi. Gbogbo àwọn tí ọdún inú fáìlì wọn bá tèmi dọ́gba, ojú wọn ṣì ń dán. Kí ni kí n ṣe? Sọ ọ́, mo ń gbọ́.”

Títílayọ̀ gbé páálí oògùn náà lé orí tábìlì. Ohun tí ó wá sí i lẹ́nu ni pé kí ìyá rẹ̀ kọ̀wé ìfẹ̀yìntì kí wọ́n tó dé, ó sì mọ̀ pé ìwé náà yóò pẹ́ kó tó jáde, sìkíríìnì sì ku ọjọ́ méjì. Ó fi fóònù pe ibi iṣẹ́, ó ní òun kò ní í lè wá. Ó ní, “Màá bá yín lọ.”

“Ìwọ lo mọ̀.”

Moríyọ̀ fi omi inú ọ̀rá tó ṣì tutù díẹ̀, èyí tí ó ti rà lọ́dọ̀ ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀, yí ìgò náà ká, ó kó o sínú fíláàsì oúnjẹ, wọ́n sì jáde.

Lẹ́nu géètì, Boma ti ń fẹ́ iná bọ̀lì. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja lórí wáyà, ìròyìn gbogbo àdúgbò ní ẹnu.

“Mama Titi! See face! You wan turn sixteen?”

“Na cream,” ni Moríyọ̀ wí.

“Cream wey dey work! But this side be like say e swell small.”

“Mosquito.”

Boma fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ó fi sọ fún ẹni tó ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Na that injection. One woman do am, her face shine so tey e no gree laugh again.” Àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Títílayọ̀ gbọ́ ọ. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo táàsì tó ń bọ̀.

Rumuola ni ibi tí wọ́n ń gún un wà, yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta fóònù. Obìnrin mẹ́sàn-án ló wà níjòókòó nígbà tí wọ́n dé, olúkúlùkù pẹ̀lú fíláàsì lórí itan, bí ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún aláìsàn. Ẹnikẹ́ni kò wo ojú ẹnì kejì pẹ́. Àwòrán ojú obìnrin kún ara ògiri, méjì méjì, èyí tó hun lápá kan, èyí tó ń dán lápá kejì. Títílayọ̀ súnmọ́ wọn. Àwọn kan nínú wọn kì í ṣe ojú ẹnì kan náà.

“Sister Mori!” Ibinabo ti dìde. Ó ga, ó ṣe ojú lóge, aṣọ rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́ pẹ̀lú gbogbo ooru yẹn. Òun ló ń bá dókítà to àwọn ènìyàn. Ẹni tó bá mú ènìyàn márùn-ún wá ń gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó di mọ́ Moríyọ̀, ó ní ojú rẹ̀ ti ń yọ. Ó na ìwé kan sí i. “Fill am again, abeg. Dem no see the first one.”

Ìwé náà béèrè orúkọ. Ó béèrè ọdún. Ó béèrè bóyá ènìyàn ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí ṣúgà, tàbí ó ń lo oògùn kan. Ibinabo dúró sí ẹ̀yìn àga, ó ń wò ó bí ó ti ń kọ ọ́. Moríyọ̀ kọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ó kọ pé rárá. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ọdún yẹn, tí ojú rẹ̀ rí báyìí, tí ó tún wá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ́fíìsì á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Títílayọ̀ la ẹnu. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ àga. Ó pa ẹnu náà dé.

Èmi fẹ́ kí ó sọ ọ́. Ẹ̀yin náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ó bá sọ ọ́ níbẹ̀, lójú Ibinabo, òun ló lé ìyá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe àwọn ará Àbújá. Ó ń wo ìwé náà bí wọ́n ti ń gbé e wọlé.

Nígbà tó kàn wọ́n, dókítà tí wọ́n ń pè ní Solomon dìde kí Moríyọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, “Ẹ kú àárọ̀, Mà.” Ọmọkùnrin tó níwà ni, kóòtù rẹ̀ funfun, aago ọwọ́ rẹ̀ ń dán. Ó gba ìgò náà, ó gbọ̀n ọ́n.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan,” ni Títílayọ̀ wí. “Ta ló yẹ nǹkan yìí wò pé kò ní àrùn nínú?”

“Àwọn òyìnbó tó ṣe é.”

“Kí ni orúkọ wọn?”

“Àṣírí ilé iṣẹ́ ni.”

“Ẹ wo apá wọn. Ó ti le láti ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbóná.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́ ni.”

“Tí kò bá gbóná ńkọ́?”

“Ìyẹn ni pé ara gbà á dáadáa.”

“Tí wọ́n bá wá dá kú síbí?”

Solomon rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹnikẹ́ni kò tíì dá kú síbí, Àǹtí.”

“Ẹ kúkú wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ná kí ẹ tó gún wọn.”

“Bátìrì ẹ̀rọ yẹn ti kú. A ti rán ènìyàn lọ rà á.”

Títílayọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀. Ó rọ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn tó wà níta sì ń gbọ́. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ohun tí wọ́n ń pè ní sítẹ́ẹ̀mù sẹ́ẹ̀lì wà lóòótọ́, mi ò sọ pé kò sí. Wọ́n ń fi wo àwọn àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ kan. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ti ń ṣe é, sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n ti yẹ̀ wò pé ó bá ara aláìsàn mu, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń yíwọ́ nígbà mìíràn. Kò sí ẹni tó tíì fi hàn pé ti àgùntàn inú ìgò lè gba ọjọ́ orí kúrò lójú ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́. Ojú yín kò burú.”

Obìnrin kan níta fa fíláàsì rẹ̀ mọ́ra. Òmíràn ní, “Make una do fast, abeg.” Ẹnikẹ́ni kò dìde.

“Ó ti tó, Títí,” ni Moríyọ̀ wí. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, apá kejì ni ó nà. Ó ń wo ara ògiri nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé. Kò mí kanlẹ̀, kò fajú ro.

Wọ́n délé ní aago méjìlá. Adétúnjí fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja tí ó rà lọ́dọ̀ Boma síwájú ìyàwó rẹ̀, ohun tí kì í ṣe rí. Moríyọ̀ fi ìka ya ẹja náà, kò jẹ ẹ́. Ó ní òun fẹ́ na ẹ̀yìn. Ó ní kí wọ́n bá òun lọ aṣọ aláwọ̀ búlúù tí òun fẹ́ wọ̀ ní ọjọ́bọ̀. Títílayọ̀ ní kò sí iná. Ó ní, “Ẹ lo ti èédú,” ó sì sùn lọ.

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, Títílayọ̀ gbọ́ ìró nǹkan tó ṣubú. Moríyọ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti bì, ó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ gbóná fòò. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ́lẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Títílayọ̀ pariwo pe bàbá rẹ̀. Ó pe Ibinabo lórí fóònù, ó ní, “Come and see wetin you do. Come now!” ó sì sọ orúkọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ń lọ. Boma fi iná bọ̀lì sílẹ̀, òun àti Adétúnjí ló gbé obìnrin náà wọ táàsì. Àwọn ará àdúgbò yọjú ní fèrèsé.  Boma bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo ẹsẹ̀ Moríyọ̀.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ni, kò jìnnà. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń jẹ́ Chioma, obìnrin tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Píjìn ni wọ́n jọ ń sọ. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ Moríyọ̀, ó tún un wọ̀n. Ó ní ó ti di igba ó lé ogún lórí àádóje. Nọ́ọ̀sì ti mú káàdì ìlera òṣìṣẹ́ ìjọba láti inú báàgì Moríyọ̀, ó ti kọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta sí orí ìwé.

Ibinabo dé. Òógùn bò ó. Ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, kò wọlé, kò sì padà.

“Ṣé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀?” ni Dókítà Chioma béèrè. “Oògùn wo ló ń lò? Ìgbà wo ló lò ó kẹ́yìn? Kí ni wọ́n gún un? Mo gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n báyìí kí n tó fún un ní nǹkan kan. Ọdún rẹ̀ ní tòótọ́ náà, nítorí ohun tí mo rí yìí kò jọ ti ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta.”

Moríyọ̀ la ojú kan tí kò wú. Ibinabo ni ojú náà bà lé.

“Mẹ́tàléláàádọ́ta,” ni ó wí. Ètè rẹ̀ kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà. “Mi ò... ní ẹ̀jẹ̀ ríru.”

“Mọ́mì!” Títílayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó tún la ẹnu, ó wo Ibinabo, ó tún pa á dé. Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin tó fẹ́ kú lórí bẹ́ẹ̀dì, fáìlì ló ń ṣọ́.

Adétúnjí ni ó sọ ọ́. Ó dúró ṣánṣán ní ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì sọ ọ́ bí ó ti máa ń jábọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, láìsí ohùn ìbànújẹ́ kankan nínú rẹ̀.

“Irọ́ ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Oṣù kẹrin ló pé e. Ó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọmọ mi á dárúkọ oògùn náà fún yín. Ó dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Wọ́n ti gún un ní nǹkan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ohun tó jẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Ti kejì, àárọ̀ yìí.”

 Dókítà kò wo ẹnikẹ́ni, ó ti ń sọ ohun tí nọ́ọ̀sì yóò fà sínú abẹ́rẹ́ fún un. Títílayọ̀ dárúkọ oògùn, ó dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n má bàa ṣì í gbọ́.

“Bàbá Títí,” ni Moríyọ̀ wí, “ẹ ti lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.” Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀.

“Mo mọ̀,” ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó yí sí Ibinabo. “You don hear. Go tell them.”

Ibinabo kò mira. Nọ́ọ̀sì ń wá iṣan lápá Moríyọ̀, apá òsì le, apá ọ̀tún ti ń pọ́n. Dókítà Chioma fọwọ́ kan ibi tó le náà, ó ní ọyún ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọn yóò ní láti là á. Ó ní òun kò lè sọ bí alẹ́ yóò ṣe rí, kí wọ́n má bi òun. Lẹ́yìn náà ni ó tó gbé ojú sókè.

“Ta ló mú un lọ síbẹ̀?”

Ibinabo ní, “Na me.”

“Ìwọ náà gbà á?”

 Ibinabo tú bọ́tìnì ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ká aṣọ náà sókè, ó sì ń ká a lọ. Títílayọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Láti ìgúnpá dé èjìká ni apá náà ti wú, ó ti dúdú, awọ rẹ̀ ń dán, omi ń jáde ní ojú kan.

“Ìgbà mélòó?”

“Five.”

“Olúwa o,” ni nọ́ọ̀sì wí lábẹ́ ẹnu, òun náà ọmọ Yorùbá ni, kò sí ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀.

“Jókòó,” ni Dókítà Chioma sọ fún Ibinabo, ó fi ẹsẹ̀ ti àga sí i. “Fún un ní káàdì.”

Nọ́ọ̀sì mú káàdì tuntun, ó béèrè orúkọ, ó kọ ọ́. Ó béèrè ọdún.

Ibinabo wo káàdì náà. Ó wo Adétúnjí, ó wo Títílayọ̀. Ojú rẹ̀ wá kan ti Moríyọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn méjèèjì tí tábìlì wọn kọjú síra fún ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n sì wo ara wọn fún ìgbà pípẹ́.

“I say your age, madam,” ni nọ́ọ̀sì wí.

“Which one?” ni Ibinabo béèrè.